Wọ́n ní kí n ya òkun sí ògiri hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò sì dé etí òkun rí. Ta ni kí n wò nínú àwọn ayàwòrán Ìlú Ọba?

Àbẹ̀kẹ́_Ọlọ́dà (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ ọnà. Iṣẹ́ sáínì ni mo ń ṣe ní Tákíé. Èmi náà ni mo ń ya aṣọ ẹ̀yìn fún àwọn onífọ́tò àdúgbò: igi àgbọn, àtẹ̀gùn olówó ńlá, ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo ohun tí ìyàwó tuntun bá fẹ́ kó wà lẹ́yìn òun. Àwọn onímọ́tò náà mọ̀ mí. Bí ẹ bá rí kìnnìún tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tírélà lọ́nà Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi.

Bàbá kan ti Ìlú Ọba dé, ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ògiri tó wà lẹ́yìn rìsẹ́pṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9. Òkun ló ní òun fẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe òkun onígi àgbọn o. Ó ní òkun bíi ti àwọn àgbà ayàwòrán tí òun máa ń lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi ọ̀kan hàn mí lórí fóònù: ọkọ̀ ojú omi gàgàrà kan tó funfun, ọkọ̀ kékeré dúdú kan tó ń rú èéfín ń fà á lọ, oòrùn ń wọ̀ lápá ọ̀tún, gbogbo ojú ọ̀run pọ́n. Orúkọ ẹni tó yà á ni Turner.

Mo ya àpẹẹrẹ kékeré sórí páálí, mo gbé e lọ fún un. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Odò Ọ̀bà nìyí nígbà òjò. Òkun ni mo ní kí o yà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo ni kí n ti rí òkun? Èkó tí mo máa ń lọ, Mushin ni mo ti ń ra ọ̀dà, ibẹ̀ náà ni mo ti ń wọkọ̀ padà sílé. Ìbéèrè mi rèé: nínú àwọn ayàwòrán Ìlú Ọba tó mọ òkun àti ilẹ̀ yà, láti ayé Ọbabìnrin Victoria títí di àsìkò tiwa yìí, ta ni kí n jókòó tì tí yóò kọ́ mi bí omi òkun ṣe ń rí? Mo ti wo Turner yìí wò ó, mi ò rí ibi tí mo lè dì mú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n tẹ̀ ẹ́ sórí fílẹ́ẹ̀sì kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀gá ò fẹ́ fílẹ́ẹ̀sì, èmi náà ò fẹ́ ẹ.

Ọmọ_Akẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Àǹtí, ẹ wọkọ̀ lọ sí Elegushi láàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ wo òkun, ẹ jẹ súyà, ẹ máa bọ̀ nílé. Kí ni Turner fẹ́ sọ tí òkun fúnra rẹ̀ ò ní sọ?

Àbẹ̀kẹ́_Ọlọ́dà

Màá lọ, àbúrò. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ò sí nínú ohun tí èmi àti ọ̀gá jọ sọ, o sì mọ ọ̀nà tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ dáadáa. Kí n tó lọ, mo fẹ́ mọ ohun tí màá máa wò tí mo bá débẹ̀.

Tíṣà_Ìṣokùn (Ọ̀yọ́)

Ọmọ mi, o kú làálàá. Ohun tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn ló jẹ́ kí n dáhùn. Ẹni tí ò mọ ohun tí òun ń wá lójú omi, bó bá dé Elegushi, súyà náà ló máa rí. Mo kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì níṣẹ́ ọnà nílùú Ọ̀yọ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹnu mi ò sì tíì kúrú. Fara balẹ̀ kà á.

The Fighting Temeraire ni àwòrán tí ọ̀gá rẹ fi hàn ọ́. Ní 1839 ni Turner gbé e síta. Ọkọ̀ ogun ni Temeraire, ó jà nínú ogun ojú omi Trafalgar ní 1805. Nígbà tó gbó, wọ́n tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ fún pákó, wọ́n sì fà á gba odò Thames lọ ní 1838. Òpó rẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fà á, Turner ló dá òpó náà padà síbẹ̀ kó lè lọ pẹ̀lú iyì. Ọmọ mi obìnrin ló mú mi dé National Gallery, ilé àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó wà, wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Kò tóbi rárá! Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Mo sún mọ́ ọn títí ẹ̀ṣọ́ fi wúkọ́ sí mi. Níbi tí oòrùn wà, ọ̀dà ki, ó yọ sókè lára kánfáàsì débi pé bí wọ́n bá pa iná, ìka lè mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àgbà yẹn fúnra rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀dà ara rẹ̀. Ohun tó ń jó, ó fi ọ̀dà tó ki yà á. Ohun tó ń kú lọ, ó fi èyí tí kò ju òòrùn ọ̀dà lọ yà á. Fóònù ò lè fi ìyẹn hàn ọ́. Ìdí nìyẹn tó o fi wò ó tí o ò ríbi dì mú.

Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Turner. Mi ò sọ pé kò mọ̀ ọ́n yà o. Ọmọ onígbàjámọ̀ ni, Covent Garden ni wọ́n bí i sí ní 1775. Nígbà tó dòkìkí tán, bàbá rẹ̀ ló ń bá a na kánfáàsì. Nígbà tó kú ní 1851, nǹkan bí 300 àwòrán olóròóró àti nǹkan bí 30,000 bébà ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du òkun? Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń yà, omi kàn wà níbẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ríbi dúró sí ni. Ní 1842 ó gbé ọkọ̀ onísitíìmù kan tó há sínú ìjì yìnyín jáde. Wọ́n bẹnu àtẹ́ lù ú, wọ́n ní ìfófòó ọṣẹ àti ẹfun lásán ni. Turner ní òun ní kí àwọn atukọ̀ de òun mọ́ òpó fún wákàtí 4 kí òun lè wo ìjì náà dáadáa. Ẹni ọdún 67! Èmi ò gbà á gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ náà ò gbà á gbọ́. Irọ́ yẹn ṣiṣẹ́ ṣá, nítorí ẹni tó bá dúró síwájú àwòrán náà, ojú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Bó o bá ya irú rẹ̀ sí rìsẹ́pṣọ̀n, ọ̀gá rẹ á máa dúró kó o padà wá parí rẹ̀.

Orúkọ tí mo fẹ́ kó o kọ sílẹ̀ ni John Brett. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n, òun gan-an sì ni ògiri rẹ ń wá. Ní 1871 ó ya òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, bó ṣe rí láti orí òkè etí omi ní Dorset. Tate, ilé àwòrán mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wà. Omi àti ojú ọ̀run ló gba gbogbo rẹ̀ tán. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ògiri tìrẹ náà ò jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Kò ya ìgbì tó ń fọ́ mọ́ àpáta, kò ya ọkọ̀ tó ń rì. Oòrùn ń gba àárín ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́: ibi tó bá bọ́ sí lórí omi ń dán yinrin, ibi tí òjìji ìkùukùu bá bò ṣú. Wá ka búlúù tó wà níbẹ̀. Èyí tó fẹ́ di ewé wà, èyí tó fẹ́ di eérú wà, èyí tó pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀lú tí kò tíì rẹ dáadáa náà wà. Brett máa ń wo ìràwọ̀ nínú awò, ó tilẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Ìlú Ọba. Mo rò pé ojú yẹn ló fi wo omi.

Ohun tí màá fẹ́ kó o mú lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé omi ò ní àwọ̀ kan tí í ṣe tirẹ̀. Ojú ọ̀run ló ń yá a láwọ̀, ojú ọ̀run náà ló ń gbà á padà. Nítorí náà, òkè ògiri ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, má ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. John Constable tó ṣáájú Brett mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Suffolk ni, bàbá rẹ̀ ló ni ọlọ tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà ládùúgbò wọn, ọlọ tí afẹ́fẹ́ àti omi ń yí. Ta ló máa mọ ojú ọ̀run ju ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ lọ? Ní 1821 àti 1822, ìkùukùu nìkan ló ń yà ní Hampstead. Á kọ ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ìyàwó rẹ̀ gbé wọn dé Brighton, ó ya òjò tó ń rọ̀ lójú òkun: ó fi búrọ́ọ̀ṣì fa ọ̀dà dúdú wálẹ̀ wìì, wìì, kò tún un ṣe mọ́. Irú òjò yẹn, ìwọ ti rí i ju Constable lọ. Òjò oṣù kẹrin tó ń ti apá Ìlọrin ṣú bọ̀, tí gbogbo Tákíé ń sá kó ọjà, kí ni ìyàtọ̀?

Ọ̀rọ̀ odò Ọ̀bà tí ọ̀gá rẹ sọ, má jẹ́ kó dùn ọ́. Gbé páálí lọ síbi omi tí wọ́n sé ní Ọ̀bà, lọ ní kùtù, kó o tún lọ nírọ̀lẹ́. Má ya igi, má ya etí omi, ojú omi nìkan ni kó o yà. Ní ọ̀ọ́kán, wàá rí ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín tó sún mọ́ra. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ìlà náà ń fẹ̀, ó ń jìnnà síra. Lẹ́sẹ̀ rẹ gan-an, ojú ọ̀run ò sí nínú omi mọ́, ìsàlẹ̀ omi lò ń rí. Bí òkun ṣe ń ṣe náà nìyẹn, àfi pé kò sí ilẹ̀ lódì kejì.

Ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé, okùn bíríkìlà tí wọ́n fi ẹfun pa ni kó o fi lù ú. Bó bá dagun níwọ̀n ìka kan, àlejò á rò pé òkun fẹ́ dà sórí àwọn ọmọ rìsẹ́pṣọ̀n. Kó o sì gbé e sókè ju bó o ṣe rò lọ, nítorí tábìlì àti orí àwọn tó jókòó yóò bo ìsàlẹ̀ ògiri.

Ajílété_Aberdeen

Tíṣà wa, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀ lórí Brett yìí. Orí òkè ló dúró sí! Òkun tó yà mọ́ tónítóní, ó dára fún báńkì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé Scotland. Abúlé kan wà nísàlẹ̀ Aberdeen níbí tó ń jẹ́ Catterline, ilé kéékèèké tó tò lọ lórí òkè, òkun wà nísàlẹ̀ gẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni Joan Eardley gbé ya òkun. Glasgow ló ti ń ya àwọn ọmọ tálákà àdúgbò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó mọ Catterline, òkun gbà á lọ́kàn. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìjì ń bọ̀, ìgbà yẹn ló ń jáde. Á fi okùn de pákó tó fẹ́ ya àwòrán sí mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Bí ẹ bá wo oko tó yà lẹ́yìn ilé rẹ̀, koríko gidi àti hóró ọkà gidi lẹ̀ mọ́ ọ̀dà níbẹ̀. Ọdún 1963 ló kú, ẹni ọdún 42 péré. Etí òkun Catterline yẹn náà ni wọ́n da eérú rẹ̀ sí.

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́, òkun ìhà ibí kì í ṣe búlúù. Eérú ni, àwọ̀ ilẹ̀ ni, ìfófòó rẹ̀ sì ní yẹ́lò nínú. Eardley máa ń ya ìgbì kan ṣoṣo tó ga láti etí kan dé ekejì, o ò ní rí ibi tí òkun parí sí. Ìwọ̀n omi, bó ṣe wúwo tó, ìyẹn ló ń yà. Ìgbì tó bá fẹ́ wó, ìdí rẹ̀ ló ṣú, orí rẹ̀ ló fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Bó o bá fi búlúù kan náà kun ìdí àti orí ìgbì, aṣọ tí wọ́n sá lo yà yẹn, kì í ṣe omi.

Tíṣà_Ìṣokùn

Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, o ṣeun. Mo gba ti ìdí ìgbì àti orí ìgbì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wakọ̀ láti Àbújá, tó rẹ̀ ẹ́, tó fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, ṣé ìjì Catterline lo fẹ́ fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Jẹ́ kí Brett gba rìsẹ́pṣọ̀n. Kí Eardley wà ní ilé ọtí.

Ọ̀dọ́_Ìsẹ́yìn

Ẹ má bínú o, Bàbá. Mo ń ka gbogbo èyí, inú mi ò dùn sí i tán. Òkun yìí kan náà ni wọ́n gbà kó àwọn baba ńlá wa lọ. Láti ìlú mi sí Oṣoògùn kò jìnnà, níbẹ̀ ni wọ́n ti mú Àjàyí Crowther ní 1821, ó ṣì kéré, tí wọ́n tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí dé Èkó. Àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ojú omi tí ẹ ń yìn yìí, ọkọ̀ wo ni wọ́n rò pé àwọn ń yà?

Tíṣà_Ìṣokùn

Mi ò bínú, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ìbéèrè gidi ni.

Ọdún kan lẹ́yìn Temeraire, ní 1840, Turner kan náà gbé àwòrán mìíràn síta. Orúkọ rẹ̀ gùn, Slave Ship ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú. Boston ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí. Ojú ọ̀run pọ́n níbẹ̀ bíi ti Temeraire, ọkọ̀ wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìjì ń bọ̀. Èèyàn lè kọjá lára rẹ̀ kó ní ó mà dára o. Àfi bó bá wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: ẹsẹ̀ dúdú kan yọ nínú omi, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ náà, ẹja ti pé lé e lórí. Àwọn ẹrú tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó ti kú ni wọ́n kó jù sómi. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Zong wà nínú ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1781, wọ́n ju èèyàn tó lé ní 130 sínú òkun láti inú ọkọ̀ yẹn, àwọn tó ni ọkọ̀ sì lọ bá àwọn adójútòfò pé kí wọ́n wá san owó ẹrù tó ṣòfò. Ẹrù! Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti jà á, ẹjọ́ owó sì ni, kì í ṣe ẹjọ́ ìpànìyàn.

Kí n má bàa sọ Turner di ẹni mímọ́: ní 1805 ó fi £100 sínú oko ẹran ọ̀sìn kan ní Jamaica tó jẹ́ pé ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe lè tò ó kó gún.

Ẹnì kan tún wà tó yẹ kó o gbọ́ nípa rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ náà ní ohun tó máa fi ṣe. Wọ́n ń pè é ní Clarkson Stanfield, Sunderland ni wọ́n bí i sí ní 1793. Bàbá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ akẹ́rú láti Liverpool wá sí etí òkun Benin níhìn-ín rí. Ohun tí bàbá yẹn rí kó jìnnìjìnnì bá a, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1788, ó kọ ọ́ bíi lẹ́tà sí Thomas Clarkson tó ń jà kí òwò ẹrú parẹ́. Nígbà tó bímọ, ó fi orúkọ Clarkson sọ ọ́. Ọmọ tó ru orúkọ yẹn ló wá di àgbà nínú àwọn tó ń ya òkun láyé Victoria. Wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn.

Àbẹ̀kẹ́, ibi tìrẹ rèé. Stanfield ò kọ́ ọnà níléèwé ńlá kankan. Atukọ̀ ni, wọ́n fipá mú un wọ iṣẹ́ ológun ojú omi. Nígbà tó fara pa tí wọ́n dá a sílẹ̀, ilé eré ló gbà á síṣẹ́: aṣọ ẹ̀yìn eré ló ń yà! Ó yà á ní ilé eré Drury Lane títí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù fi mọ̀ ọ́n. Òun àti Dickens òǹkọ̀wé dọ̀rẹ́, Dickens sì fi ìwé Little Dorrit júbà fún un. Àwọn alákọ̀wé ọnà kan ń fojú kéré rẹ̀ pé ọmọ ilé eré ni, ohun tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fojú kéré rẹ̀ yẹn ló lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀: ó mọ̀ pé ẹni tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí ìgbì náà. Ẹni tó ń ya aṣọ ẹ̀yìn onífọ́tò ti mọ ìdajì iṣẹ́ yẹn. Bó o bá ń ṣiṣẹ́, máa padà sẹ́yìn dé ẹnu ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì kó o tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri lẹ́ẹ̀kejì.

Kó o wá wo Alfred Wallis nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. St Ives ní Cornwall ló gbé. Ó bá ọkọ̀ lọ sójú òkun nígbà èwe, lẹ́yìn náà ó ń ra irin àti okùn ọkọ̀ tó ti gbó, ó ń tún un tà. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó dá wà nílé, ó ti ń sún mọ́ ẹni 70 ọdún kó tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Páálí tí wọ́n fi di ọjà ló ń yà á sí, ọ̀dà ọkọ̀ ló ń lò. Ní 1928, Ben Nicholson àti Christopher Wood, àwọn ayàwòrán tó mọ̀wé ọnà, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n rí àwòrán tó kàn mọ́ ògiri. Ó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ya àwòrán padà. Òun fúnra rẹ̀ ò rí owó gidi nínú rẹ̀, ilé àwọn aláìní ló kú sí ní 1942.

Ọmọ_Akẹ̀sán

Bàbá, ẹ ò dárúkọ Norman Wilkinson! Òun lèmi mọ̀ nítorí eré fídíò. Ayàwòrán òkun ni, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bá a nínú iṣẹ́ ojú omi. Ní 1917 ó dá a lábàá kí wọ́n fi dúdú, funfun àti búlúù kun ọkọ̀ ní wúruwùru, ìlà wíwọ́, ìlà tó já. Kì í ṣe kí ọkọ̀ má hàn o, kí ojú Jámánì tó wà lábẹ́ omi lè dàrú ni, kó má mọ ibi tí ọkọ̀ kọrí sí. Àǹtí, ẹ fi ya tírélà kan fún mi.

Àbẹ̀kẹ́_Ọlọ́dà

Àbúrò, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà á kọ́kọ́ mú ọ.

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi ní Aberdeen, ẹ ṣeun. Mo ti wo gbogbo wọn lórí fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ojú rẹ̀ fẹ̀. Brett ni màá fi gbowó, mo ti rí ibi tí màá dì mú níbẹ̀: ibi tí oòrùn bọ́ sí lórí omi, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, èyí tó jìnnà tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó sún mọ́ gbòòrò. Mo ti lọ sí Ọ̀bà náà, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìlà yẹn. Ṣùgbọ́n Wallis ni mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ibi tó bá fẹ́ kí iyanrìn wà, á fi páálí sílẹ̀ láìkùn. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ràn, á jẹ́ kó tóbi ju ilé lọ, kò bi ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń ya ẹ̀yìn mọ́tò nìyẹn kí àwọn tó lọ síléèwé tó máa sọ fún mi pé kò bójú mu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ọ̀gá ní gílọ́ọ̀sì, ọ̀dà tó ń dán, ni kí n fi kùn ún kí wọ́n lè máa fi kànrìnkàn nù ún. Kí lẹ wí?

Tíṣà_Ìṣokùn

Má fi gílọ́ọ̀sì kùn ún. Iná rìsẹ́pṣọ̀n á máa kọ mànà lára rẹ̀, gílóòbù ni àlejò á máa rí, kò ní rí òkun. Ẹ́mọ́ṣọ̀n, ọ̀dà olómi, ni kó o fi ya gbogbo rẹ̀. Bó bá gbẹ tán, fi fáníìṣì tí kì í dán bò ó lórí, wọ́n á lè nù ún. Ojú ọ̀run kọ́kọ́, kí omi tẹ̀ lé e nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì ojú ọ̀run ṣì ní ọ̀dà lẹ́nu, kí àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn. Funfun orí omi ló kẹ́yìn, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, má pò ó mọ́ omi, fà á lẹ́ẹ̀kan kó o gbọ́wọ́ kúrò. Bí ọ̀gá bá tún dé tó ní òun fẹ́ ọkọ̀ Temeraire sí i láàárín, owó rẹ̀ yàtọ̀. Kó o sì gba ìdajì owó iṣẹ́ kó o tó po búlúù àkọ́kọ́.